Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ọmọ Tí Ìwé Kíkà Nira Fún àti Ẹ̀kọ́ Ọ̀ranyàn ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga

Ẹ̀yin ìyàwó ilé àti ẹ̀yin ìyá ọmọ, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu wa nínú ilé, tí ó sì yẹ kí á jáwọ́ nínú rẹ̀ kí ó tó ba ọmọ jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ni "olódo". Bí ọmọ bá gba òdo lẹ́ẹ̀mejì nínú àpèkọ, a ní olódo ni. Bí ó bá ń ka ìwé bí ẹni tí ń táràrà nínú òkùnkùn, a ní olódo ni. Àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ yóò gbọ́ ọ lẹ́nu wa, wọn yóò sì máa fi pè é. Kò ní pẹ́ tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ yóò fi gbà pé orúkọ òun ni.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo ọmọ kan náà yìí dáadáa. Òun ni ó ń ṣírò ṣéńjì fún oníbàárà ní ìsọ̀ yín ní ọjà Ìpátá kí ẹ tó la ẹnu. Òun ni ó ń pa àlọ́ tí gbogbo ilé fi ń dákẹ́ rọ́rọ́. Òun ni ó tú rédíò tí ó bàjẹ́ palẹ̀, tí ó sì tò ó padà tí ó fi ń sọ̀rọ̀. Ọpọlọ ọmọ yìí kò kú rárá. Ìwé nìkan ni òun pẹ̀lú rẹ̀ kò gbọ́ ara wọn yé.

Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò dàgbà, bí Ọlọ́run bá sì fẹ́, yóò fẹ́ lọ sí yunifásítì, sí pólì tàbí sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Níbẹ̀ ni yóò ti pàdé ẹ̀kọ́ ọ̀ranyàn, ìyẹn ẹ̀kọ́ tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ṣe, tí wọ́n sì gbọ́dọ̀ yege nínú rẹ̀, ìbáà ṣe iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n wá kọ́, ìbáà sì ṣe ìtọ́jú aláìsàn. Kí ni a ó ṣe fún un nígbà náà? Ṣé kí á yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀kọ́ náà ni, tàbí kí á ní bí kò bá lè ṣe é, kí ó di ẹrù rẹ̀ kí ó máa lọ sílé? Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí nìyí, nítorí pé yunifásítì kọ́ ni ìdáhùn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Inú ilé yín ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Kí Ni Ìṣòro Yìí Gan-an?

Ní ọdún 1896, dókítà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, W. Pringle Morgan, kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn nípa ọmọkùnrin kan tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 14. Ọmọ náà ní làákàyè, ojú rẹ̀ ríran, kò sì kẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nídìí eré. Láti ìgbà tí ó ti wà ní ọmọ ọdún 7 ni wọ́n ti ń kọ́ ọ ní ìwé, síbẹ̀ agbára káká ni ó fi ń ka ọ̀rọ̀ kúkúrú. Olùkọ́ tí ó ti ń kọ́ ọ fún ọdún díẹ̀ sọ pé bí ó bá jẹ́ pé ẹnu nìkan ni a fi ń kọ́ni, ọmọ yìí ni ì bá já fáfá jù lọ ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ náà.

Dyslexia ni àwọn onímọ̀ ń pe ìṣòro yìí. Ọ̀kan ni ó jẹ́ nínú ìdílé ńlá kan tí wọ́n ń pè ní ìṣòro ẹ̀kọ́ kíkọ́, orúkọ tí ó tàn kálẹ̀ láti ọdún 1963, nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Samuel Kirk lò ó níwájú àpéjọ àwọn òbí ní Amẹ́ríkà. Nínú ìdílé yìí, àwọn kan wà tí ó jẹ́ pé nọ́ńbà ni kì í yé wọn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn wà tí ọwọ́ wọn kì í lè kọ ohun tí orí wọn mọ̀. Ohun tí ó so gbogbo wọn pọ̀ ni pé ọgbọ́n ọmọ náà pé, ojú àti etí rẹ̀ pé, a sì ti kọ́ ọ bí a ti kọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ apá kan pàtó nínú ẹ̀kọ́ kò tẹ̀ síwájú.

Ní ti dyslexia, ibi tí ìṣòro náà sábà máa ń wà ni síso ìró tí etí ń gbọ́ pọ̀ mọ́ lẹ́tà tí ojú ń rí. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe àfọwọ́fà ìyá tí ó lóyún ọmọ náà. Ó máa ń rìn nínú ẹbí, nítorí náà ó lè jẹ́ pé bàbá ọmọ tàbí ẹ̀gbọ́n yín kan náà ti jìyà rẹ̀ rí tí kò sí ẹni tí ó mọ orúkọ rẹ̀. Kò sí oògùn fún un. Ẹ̀kọ́ tí a fi sùúrù kọ́ni máa ń dín in kù púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í sábà tán pátápátá bí ọmọ ti ń dàgbà. Ìdí nìyí tí ó fi ń bá a dé yunifásítì.

Ní Ìlọrin wa yìí, ibi tí ìyá ti lè tètè ṣàkíyèsí rẹ̀ ni ilé kéwú. Ọmọ kan lè ti kọ́ súrà púpọ̀ sórí, kí ó máa ké e geere bí ó ti di wàláà mú, kí inú àwọn òbí rẹ̀ sì máa dùn. Ṣùgbọ́n bí aáfà bá nàka sí ọ̀rọ̀ kan láàárín, ọmọ náà kò ní lè pè é, àfi bí ó bá padà sí ìbẹ̀rẹ̀ kí ó ké e dé ibẹ̀. Etí ni ó fi kọ́ ọ. Ojú rẹ̀ kò tíì bá lẹ́tà náà dọ́rẹ̀ẹ́. Ẹ má ṣe pè é ní àgàbàgebè nítorí èyí. Ẹ̀bùn ńlá ni àkọ́sórí tí ó ní, ẹ kàn fi ọkàn sí i pé ojú ń fi nǹkan kan sílẹ̀.

Èdè Yorùbá náà tún ń ràn wá lọ́wọ́ láti yẹ ọmọ wò. Nínú Yorùbá, bí a ti ń pe ọ̀rọ̀ ni a ṣe ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì kún fún lẹ́tà tí a kọ tí a kì í pè. Bí a bá ti kọ́ ọmọ ní ABD Yorùbá dáadáa, tí ó ń ka Yorùbá bí ẹni mu omi, ṣùgbọ́n tí ó ń kọsẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì nìkan, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni kò tíì yé e tó. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń fi ìrora ka méjèèjì, tí ó ń pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ kan náà tí ó kà lánàá, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ó yẹ kí onímọ̀ rí i.

Ẹ̀kọ́ Tí Kò Ṣeé Yẹ̀

Ní orílẹ̀-èdè wa, ẹni tí yóò bá wọ yunifásítì gbọ́dọ̀ ní kírẹ́díìtì márùn-ún, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì gbọ́dọ̀ wà nínú wọn. Ìṣirò náà jẹ́ ọ̀ranyàn fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀kọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn tí ó fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ bí èdè, ìtàn àti lítíréṣọ̀ lè wọlé láìsí kírẹ́díìtì ìṣirò. Gẹ̀ẹ́sì kò kúrò lójú kan náà. Gbogbo ènìyàn ni ó wà fún.

Bí ọmọ bá sì ti wọlé tán, àwọn ẹ̀kọ́ gbogboogbò ń dúró dè é. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ń pè wọ́n ní GST; àwọn ọmọ Yunifásítì Ìlọrin mọ̀ wọ́n sí GNS. Lílo èdè Gẹ̀ẹ́sì wà nínú wọn, àṣà àti ìtàn àwọn ènìyàn Nàìjíríà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ọgbọ́n ìrònú àti ìmọ̀ ìdásílẹ̀ iṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹpẹtẹ ni ó máa ń jókòó gbọ́ ẹ̀kọ́ kan nínú gbọ̀ngán kan, olùkọ́ kò sì lè mọ ojú wọn tán. Ẹni tí ó bá kùnà yóò tún un ṣe. Bí ó bá sì mọ iṣẹ́ tí ó wá kọ́ bí ẹní mowó, bí kò bá tíì yege nínú àwọn ẹ̀kọ́ wọ̀nyí, kò ní gba ìwé ẹ̀rí.

Nítorí náà, ohun tí ó wà níwájú ọmọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtìjú lásán. Ọdún kan tàbí méjì nínú ayé rẹ̀ ni, owó ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ ti jẹ́ ìsọ̀ níyà láti san ni, nígbà mìíràn sì rèé, ìwé ẹ̀rí náà lódindi ni.

Ọjà Kan, Ọ̀nà Púpọ̀

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí ó gba Ọjà Ọba kọjá àti ẹni tí ó gba ẹ̀yìn ilé wá, ọjà kan náà ni wọ́n dé, iye kan náà sì ni wọn yóò fi ra ata. Bí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, gbogbo ọ̀ràn ìrànlọ́wọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ yóò yé yín. Ìmọ̀ tí ẹ̀kọ́ kan fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ní, òun ni ọjà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe gbọ́ ẹ̀kọ́ náà àti bí ó ṣe fi hàn pé òun mọ̀ ọ́n, òun ni ọ̀nà. A lè la ọ̀nà mìíràn fún ẹni tí ọ̀nà kìíní kò ṣeé gbà. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ gbé ọjà kúrò níbi tí ó wà, kí á wá sọ fún un pé ó ti dé.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ hàn láti inú iṣẹ́ tiwa, ìmọ̀ ìtọ́jú ilé. Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọ oṣù mẹ́fà ní oúnjẹ, ohun tí a fẹ́ mọ̀ ni bóyá ó mọ̀ pé ògì nìkan kò tó. Ṣé ó mọ̀ pé ó yẹ kí á fi sóyà, ẹ̀pà, ẹyin tàbí edé lílọ̀ kún un? Ṣé ó mọ bí a ṣe ń ṣe é kí ìdọ̀tí má baà wọ̀ ọ́, àti pé ọmú kò gbọdọ̀ dúró? Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá mọ gbogbo èyí, tí ó lè ṣe é lójú wa nínú ilé ìdáná, ṣùgbọ́n tí ó ṣi orúkọ oúnjẹ náà kọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ni a dán wò bí a bá já a? Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí kò mọ̀ pé ògì nìkan kò tó, bí a fún un ní wákàtí mẹ́wàá láti kọ ọ́, kò yẹ kí ó gba máàkì.

Ní ti Lílo èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ náà le díẹ̀, nítorí pé ìwé kíkà àti kíkọ gan-an ni ọjà. Níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí á bi ara wa léèrè: ṣé yíyára ni ẹ̀kọ́ náà fẹ́ mọ̀, tàbí òye? Bí ó bá jẹ́ òye, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí a fi kún ìdánwò wákàtí méjì kò ba nǹkan kan jẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́ gíráámà, ìdá mẹ́rin àkókò ni wọ́n sábà máa ń fi kún un fún irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀, bí ìwádìí bá ti fi hàn pé ó nílò rẹ̀.

Àwọn ìrànlọ́wọ́ mìíràn tún wà tí kò ná ilé-ẹ̀kọ́ ní owó gọbọi: kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ìdánwò nínú yàrá tí ó dákẹ́, kí á tẹ ìbéèrè ní lẹ́tà ńlá tí ó ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀, kí á gbà á láàyè láti gba ohùn olùkọ́ sílẹ̀ sórí fóònù, kí á ka ìbéèrè sí i létí, kí ó fi kọ̀ǹpútà tẹ ìdáhùn rẹ̀, kí ó dáhùn ìbéèrè àṣà àti ìtàn pẹ̀lú ẹnu, tàbí kí iye ẹ̀kọ́ tí yóò ṣe ní sáà tí ó ń ṣe Gẹ̀ẹ́sì dín kù. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó fún un ní máàkì lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwọn kan yóò sọ pé ojúsàájú ni èyí. Ẹ bi wọ́n léèrè bóyá ẹni tí ó fi awò ojú jókòó ṣe ìdánwò ń rẹ́ àwọn yòókù jẹ. Awò ojú kì í sọ ìdáhùn fún ẹni tí ó wọ̀ ọ́. Ó kàn ń jẹ́ kí ó rí ìbéèrè ni. Bákan náà ni àfikún àkókò rí. Kò lè fi ìmọ̀ tí kò sí sínú orí ẹnikẹ́ni.

Ẹjọ́ Kan ní Boston

Kì í ṣe orílẹ̀-èdè tiwa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ní Yunifásítì Boston ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ kọ́ èdè ilẹ̀ òkèèrè kan kí wọ́n tó gboyè. Fún ọdún díẹ̀, àwọn tí ó ní ìṣòro ẹ̀kọ́ kíkọ́ lè fi ẹ̀kọ́ mìíràn rọ́pò rẹ̀. Láàárín ọdún 1995 àti 1996, ilé-ẹ̀kọ́ náà dá àǹfààní yìí dúró, ó sì tún ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà máa mú ẹ̀rí ìwádìí tuntun wá. Ọ̀gá kan níbẹ̀, Jon Westling, ti lọ sọ níwájú àwùjọ ìtàn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tí ó ń sùn nínú kíláàsì tí ó sì ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́ lóríṣiríṣi. Nígbà tí ó yá, ó gbà pé òun ni òun hun ìtàn náà. Kò sí irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbé ilé-ẹ̀kọ́ náà lọ sí kóòtù. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1997, Adájọ́ Patti Saris dá wọn láre lórí ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n rojọ́ lé lórí. Ó ní yunifásítì kò gbọdọ̀ fi àhesọ àti èrò tí kò ní ìpìlẹ̀ nípa irú àwọn ènìyàn kan pinnu ohun tí yóò tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ apá kejì. Lórí ẹ̀kọ́ èdè ilẹ̀ òkèèrè, kò sọ pé dandan ni kí wọ́n yọ̀ǹda ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó ní kí wọ́n ṣe ni pé kí àwọn olùkọ́ jókòó, kí wọ́n fi òótọ́ inú rò ó bóyá ẹ̀kọ́ náà jẹ́ òpó tí oyè náà dúró lé. Àwọn olùkọ́ jókòó, wọ́n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kóòtù sì fara mọ́ ọn ní ọdún 1998.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà nínú ẹjọ́ yìí fún wa. Òmìnira wà fún ilé-ẹ̀kọ́ láti dáàbò bo ọjà rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó ń tà níbẹ̀, kí ó sì lè sọ ọ́ jáde. Èkejì ni pé ẹni tí ó ń wá ìrànlọ́wọ́ gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá. Ẹ̀rí yẹn ni ó kan ẹ̀yin ìyá.

Ohun Tí Òfin Wa Sọ

Ní ọdún 2007, orílẹ̀-èdè Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn àjọ Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, Ààrẹ ìgbà náà, Muhammadu Buhari, fọwọ́ sí òfin tí ó ka fífi ẹ̀tọ́ du aláàbọ̀ ara léèwọ̀. Abala 18 òfin náà sọ pé gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga, gbọ́dọ̀ gba àwọn ènìyàn wọ̀nyí mọ́ra, kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan sì ní ó kéré tán ẹnì kan tí a kọ́ níṣẹ́ láti máa bójú tó ẹ̀kọ́ wọn. Òfin náà kò mọ sí ọ̀rọ̀ afọ́jú àti arọ. Ó mẹ́nu ba ìdíwọ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí ó jẹ mọ́ ọpọlọ àti òye pẹ̀lú.

Àwọn ìgbésẹ̀ kan ti wáyé. Ní ọdún 2017, JAMB dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola, kí àwọn afọ́jú lè máa ṣe ìdánwò ìwọlé ní ọ̀nà tí ó bá wọn mu. Ní Ìlọrin níbí, gbogbo wa ni a mọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tí ó wà ní Àpáta Yákúbà fún àwọn ọmọ tí wọ́n ní ìdíwọ́ ara. Ṣùgbọ́n ìṣòro tí mo ń sọ yìí kò hàn lójú. Ọ̀pá funfun kò sí lọ́wọ́ ọmọ náà, kò sì fi ọwọ́ sọ̀rọ̀. Bí ó bá wọ inú gbọ̀ngán ìdánwò, kò sí ẹni tí yóò dìde fún un. Ìwé ẹ̀rí ìwádìí ni ọ̀pá funfun tirẹ̀.

Iṣẹ́ Tí Ó Wà Lọ́wọ́ Ìyá

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi tàbí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ lè rò pé ọ̀rọ̀ yunifásítì jìnnà. Kò jìnnà. Ẹ jẹ́ kí á tò ó lẹ́sẹẹsẹ.

Èkíní, kí ẹ tó sọ pé ìwé kò wọ̀ ọ́ lórí, ẹ mú un lọ fún àyẹ̀wò ojú àti etí. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò rí ojú pátákó, tí wọn kò sì mọ̀ pé àwọn ẹlòmíràn ń rí i.

Èkejì, ẹ sinmi pàṣán. A kò lè fi lílù so ìró pọ̀ mọ́ lẹ́tà. Ohun tí lílù ń ṣe ni pé ó ń kọ́ ọmọ láti máa fi ìwé pa mọ́, láti máa fi àìsàn ṣe àwáwí ní ọjọ́ àpèkọ, àti láti máa ṣe àlùwàlá ológbò bí ẹni tí ń kàwé nígbà tí kò ka nǹkan kan.

Ẹ̀kẹta, ẹ sọ ilé ìdáná di yàrá ìkàwé. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójúmọ́ tó. Bí ẹ bá ń po ìyẹ̀fun fún pọ́fù-pọ́fù, ẹ bu díẹ̀ fún un kí ó fi mọ lẹ́tà, kí ó sì máa pe ìró rẹ̀ bí ó ti ń mọ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí ó kọ orúkọ mọ́ ara agolo iyọ̀, agolo elùbọ́ àti agolo ẹ̀wà. Ẹ jẹ́ kí ó ka ìwé ohun tí ẹ fẹ́ rà lọ́jà sí yín létí. Ọwọ́, ẹnu, etí àti ojú yóò jọ ṣiṣẹ́ pọ̀, èyí sì ni ó ń ran irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ jù lọ.

Ẹ̀kẹrin, ẹ ra fáìlì kan, ẹ kọ orúkọ ọmọ sí i. Ẹ máa kó ìwé àbájáde ìdánwò rẹ̀ sí i ní sáà kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìwé àpèkọ mélòó kan, lẹ́tà tí olùkọ́ kọ, àti àkọsílẹ̀ ohun tí ẹ̀yin fúnra yín rí, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ rí i. Bí ọmọ bá dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga, fáìlì yìí ni yóò fi hàn pé ìṣòro náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìdánwò dé. Kò sí olùkọ́ yunifásítì tí ó lè bá yín ṣe é padà sẹ́yìn.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ó mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àkànṣe wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó wà ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara ní Màlété, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ tí ó sì ń kọ́ àwọn olùkọ́ fún irú iṣẹ́ yìí ti wà ní Ọ̀yọ́ láti ọdún 1977. Ẹ lọ béèrè níbẹ̀ ẹni tí ó lè ṣe ìwádìí fún ọmọ yín tàbí tí ó lè tọ́ yín sọ́nà. Ẹ gba àbájáde rẹ̀ ní kíkọ sílẹ̀.

Ẹ̀kẹfà, ẹ má ṣe dúró di ọ̀sẹ̀ ìdánwò. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ gíráámà bá ń forúkọ ọmọ sílẹ̀ fún WAEC tàbí NECO ni kí ẹ lọ bá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ pẹ̀lú fáìlì yín. Bí ó bá wọ yunifásítì, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí ó kọ lẹ́tà sí olórí ẹ̀ka rẹ̀, sí àwọn tí ó ń darí ẹ̀kọ́ gbogboogbò, àti sí ọ́fíìsì tí ó ń rí sí ọ̀ràn àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí ó fi ẹ̀dà àbájáde ìwádìí sínú rẹ̀. Kí ó má ṣe kọ pé "ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàánú mi." Kí ó kọ ohun tí ó fẹ́ ní pàtó: "Mo ń tọrọ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí i nínú ìdánwò wákàtí méjì, àti ibi tí ó dákẹ́." Kí ó pa ẹ̀dà lẹ́tà náà mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kò ṣeé ṣe, kí ó fi ọ̀wọ̀ béèrè ìdí rẹ̀ ní kíkọ sílẹ̀.

Ìyàwó Ilé Tí Ó Tún Jẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń ka ìwé yìí láàárín ọmọ kíkọ́ sẹ́yìn àti iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ lọ́la. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé bí mo ti ń ṣàpèjúwe ọmọ yẹn, ara yín ni ẹ ń rí. Ẹ ti ṣe Gẹ̀ẹ́sì lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ẹ tó rí kírẹ́díìtì. GNS ti dá yín dúró. Àwọn ará ilé ọkọ ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé owó ọmọ wọn ń ṣòfò.

Kò pẹ́ jù fún yín. A lè ṣe ìwádìí fún àgbàlagbà gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe é fún ọmọdé. Ẹ sọ fún ọkọ yín, kí ó yé e pé ẹ kò fi iṣẹ́ ṣeré. Ẹ wá ẹgbẹ́ tí yóò máa ka ìwé sí yín létí, kí ẹ̀yin sì máa ṣàlàyé rẹ̀ fún un, nítorí pé ẹni tí etí rẹ̀ mú sábà máa ń ṣàlàyé dáadáa. Ẹ gba ohùn olùkọ́ sílẹ̀ bí ó bá yọ̀ǹda, kí ẹ máa gbọ́ ọ bí ẹ ti ń fọ aṣọ. Ẹ sì ṣọ́ra fún àwọn tí yóò ní kí ẹ sanwó kí àwọn bá yín ṣe ìdánwò. Ọ̀nà ẹ̀bùrú ni ìyẹn, kò sì dé ọjà kankan.

Àwọn tí ó ń bẹ̀rù pé bí a bá la ọ̀nà fún ẹnì kan, gbogbo ayé yóò máa pe ara wọn ní aláìsàn, wọn kò jẹ̀bi pátápátá. Olè wà níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n nítorí ẹni tí ó ń jí ẹran, a kì í ti ọjà ẹran pa. Ìwádìí tí ó péye àti fáìlì tí ìyá ti ń kó jọ láti ìgbà èwe ni yóò ya olóòótọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára alárèékérekè.

Ìka ọwọ́ kò dọ́gba, gbogbo wọn ni a sì fi ń jẹun. Nítorí náà, ní alẹ́ òní, bí ọmọ yín bá mú ìwé rẹ̀ wá tí ó sì ń táràrà, ẹ jókòó tì í. Ẹ tẹ́tí sí ibi tí ó ti kọsẹ̀ gan-an, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi orúkọ tí ẹ sọ ọ́ ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ pè é.